Ẹni Tó Bá Ààrẹ Di Àga Mú

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí Firmin Vayssade, apá ọ̀tún rẹ̀ wà nínú abo màlúù kan títí dé èjìká. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Vézolles láti wá máa kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni, mo sì lọ ra wàrà ní oko àwọn Cassan. Kò wojú mi. Ó ní kí n bá òun di ìrù màlúù náà mú, mo sì dì í mú. Nígbà tí ọmọ màlúù náà jáde tán, tó sì mí, ó fọ ọwọ́, ó wá kí mi tọ̀yàyàtọ̀yàyà bí ẹni pé inú pálọ̀ la ti pàdé. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo tó gbọ́ pé dókítà ẹran yìí ni adelé fún Delpeuch, olóṣèlú àdúgbò wa.

Ní ilẹ̀ wa, ẹni tó bá ń du ipò aṣòfin kì í dá nìkan jáde. Ó gbọ́dọ̀ mú adelé kan dání, tí wọn yóò tẹ orúkọ rẹ̀ ní lẹ́tà kéékèèké sábẹ́ tirẹ̀. Bí aṣòfin bá di mínísítà, adelé ni yóò lọ jókòó sí ilé ìgbìmọ̀. Lásìkò tí mò ń sọ yìí, bí mínísítà bá sì kúrò nípò, òfin kò dá àga padà fún un. Àfi kí adelé fúnra rẹ̀ kọ̀wé fipò sílẹ̀, kí wọ́n tún ìbò dì. Kò sí ẹni tó lè fipá mú un. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ nìkan ló dè é.

Lọ́yà ni Ambroise Delpeuch, ọmọ apòògùn kan ní Aurillac. Ó ti pẹ́ ní Paris débi pé ó ti gbàgbé bí àwọn èèyàn rẹ̀ ṣe ń jẹun. Nígbà tó padà wá wá ìbò, ó wọ ilé ìdáná àwọn Cassan, wọ́n sì bu ọbẹ̀ fún un. Bí ọbẹ̀ bá kù díẹ̀ nínú àwo, àwọn ará wa a máa da wáìnì pupa sí i, wọn a fi ọwọ́ méjèèjì gbé àwo náà mu. Bàbá Cassan gbé ìgò wáìnì, ó fẹ́ da tirẹ̀ fún un. Lọ́yà fi àtẹ́lẹwọ́ bo àwo, ó ní ó ṣeun, òun kì í pò ó pọ̀. Bàbá gbé ìgò náà kalẹ̀.

Bàbá ní, “Ẹ má fòyà, Lọ́yà. Wáìnì wa kì í ba ìbò jẹ́, àfi ti ẹni tí kò bá mu ún.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé ọkàn. Firmin, tó wá tọ́jú ẹran aláìsàn lọ́jọ́ náà, tẹ̀ lé Lọ́yà jáde. Ó sọ fún un pé ìbò mẹ́rin ló ṣẹ̀ṣẹ̀ sọnù nínú yàrá yẹn, pé kí ilẹ̀ tó ṣú, yóò ti di ogójì. Láti ọjọ́ náà ni Delpeuch ti ń bẹ̀ ẹ́ pé kó wá ṣe adelé òun.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni Firmin kọ̀. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ọjà màlúù ni wọ́n wà, láàárín èrò. Delpeuch ní, “Bí mo bá di mínísítà, bá mi di àga náà mú. Ọjọ́ tí mo bá nílò rẹ̀, dá a padà fún mi.” Firmin ní òun gbà. Ní ọjà wa, a kì í kọ̀wé sí irú àdéhùn bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń tà yóò na àtẹ́lẹwọ́, ẹni tó ń rà yóò gbá a kó dún, ó parí. Bí màlúù náà bá tilẹ̀ kú lójú ọ̀nà, iye tí wọ́n dá lé e kò yẹ̀. Ẹni tó bá yẹ̀ ẹ́, kò tún sí ẹni tí yóò nawọ́ sí i mọ́. Àwọn méjèèjì gbá ọwọ́ pọ̀.

Delpeuch wọlé, lẹ́yìn ọdún mẹ́ta ó di mínísítà. Bí Firmin ṣe bẹ̀rẹ̀ sí wọ rélùwéè lọ sí Paris lọ́jọọjọ́ Ajé nìyẹn. Ní ọdún kìíní, kò sọ̀rọ̀ rárá nílé ìgbìmọ̀. Àwọn aṣòfin ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ a máa la ẹnu fún un pé kó bá àwọn wo eyín, òun náà a sì bá wọn rẹ́rìn-ín. Lọ́dún kejì ni ọ̀rọ̀ ilé ìgbẹ̀bí Vézolles dé. Ibùsùn mọ́kànlá ló wà níbẹ̀, Mísì Rouquette sì ti ń gbẹ̀bí níbẹ̀ fún ọdún méjìlélógún. Ìjọba ní àwọn ọmọ tí wọ́n ń bí níbẹ̀ kò pọ̀ tó, àwọn yóò tì í. Láti ọ̀dọ̀ wa dé Aurillac ju wákàtí kan lọ, orí òkè sì ni ọ̀nà gbà, níbi tí yìnyín ti máa ń dí i nígbà òtútù.

Ọ̀rọ̀ yìí ló la Firmin lóhùn. Ó ń ti ọ́fíìsì kan bọ́ sí òmíràn bó ṣe máa ń ti oko kan bọ́ sí òmíràn. Nígbà tó yá, ìgbìmọ̀ àwọn ilé ìwòsàn gbà láti gbọ́ tẹnu rẹ̀ ní ogúnjọ́ oṣù Kẹfà. Mẹ́sàn-án ni wọ́n, ó sì ti rí márùn-ún bá sọ̀rọ̀ tí wọ́n gbà fún un. Solange ìyàwó rẹ̀ sọ fún mi pé ìgbà yẹn ni òun kọ́kọ́ rí i kó máa fọwọ́ ara rẹ̀ lọ ṣẹ́ẹ̀tì.

Nínú oṣù Kẹrin, Delpeuch bá olórí ìjọba jà, ó fi ipò mínísítà sílẹ̀. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ló dé ilé ìdáná àwọn Vayssade.

“Àsìkò ti tó, Firmin,” ló wí.

Firmin bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kó di ogúnjọ́ oṣù Kẹfà. Delpeuch mi orí. Ó ní bí wọn kò bá tètè tún ìbò dì, ẹgbẹ́ òṣèlú àwọn yóò yan olórí mìíràn lójú òun. Kò fi pa mọ́: ipò Ààrẹ ló ń wá, ẹni tí kò sì ní àga kankan, wọ́n á tètè gbàgbé rẹ̀.

“Ilé ìgbẹ̀bí ńkọ́?”

“Èmi á bá ọ gbé e. Ìwọ ṣáà kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún mi.”

Firmin na àtẹ́lẹwọ́ sí i lórí tábìlì. Delpeuch wò ó, ó rẹ́rìn-ín, ó dìde, ó gbá a mọ́ra. “Láàárín èmi àti ìwọ? Ṣé màlúù la fẹ́ tà ni?”

Nígbà tí mọ́tò rẹ̀ ti lọ, Solange tó ń fọ abọ́ ní, “O ṣáà rí i.” Ọkọ rẹ̀ ní òun rí i.

Nígbà tó fi di ọjọ́ Àìkú, gbogbo ìlú ti gbọ́. Alápatà ní kó jókòó sáyè rẹ̀, àbí wọ́n á fi okùn fà á dìde ni? Gbogbo èèyàn ló gbè é lẹ́sẹ̀, àfi Bàbá Cassan, tó sọ pé òun wà lọ́jà lọ́jọ́ náà, òun sì gbọ́ bí ọwọ́ ṣe dún. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Mísì Rouquette wá bá Firmin níbi iṣẹ́. Kò jókòó. Firmin ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ọjà náà fún un, ó sì gbọ́ ọ títí dé òpin.

“Àwọn obìnrin tó ń bímọ lọ́dọ̀ mi ńkọ́, Dókítà? Ta ló bá wọn gbá ọwọ́?”

“Delpeuch ní òun á bá wa gbé e.”

“Ṣé ẹ gbà á gbọ́?”

Firmin kò parọ́ fún ẹni tó ní ẹran aláìsàn rí. “Rárá,” ló wí. “N kò gbà á gbọ́ tán.”

Mísì Rouquette de bọ́tìnnì kóòtù rẹ̀. “Ẹ ṣeun tí ẹ ò tàn mí,” ló sọ tó fi jáde.

Ọjọ́ mẹ́ta ni Firmin fi rò ó. Ó rò pé Delpeuch ni àwọn èèyàn dìbò fún ní lẹ́tà gàdàgbà. Àga adelé ni tòun. Ó tún rò ó síwájú sí i, kò sì dá ara rẹ̀ sí: àga náà ti ń dùn mọ́ òun. Ó fẹ́ràn bí àwọn ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ṣe ń kí òun. Kò mọ èyí tó ń fa òun mọ́, bóyá àwọn ìyá ọmọ ni, bóyá àga náà ni. Ó wá ní ẹni tí kò bá mọ ohun tó ń fa òun, kó padà sí ohun tó sọ nígbà tí nǹkan kan kò tíì máa fà á. Lọ́jọ́ Ẹtì, ó fi ìlà méjì kọ̀wé fipò sílẹ̀. Ó sì kọ ojú ìwé mẹ́rìnlá fún Delpeuch nípa ilé ìgbẹ̀bí: orúkọ àwọn márùn-ún, èyí tí ọmọ rẹ̀ lóyún nínú wọn, èyí tó fẹ́ kí wọ́n tètè wá bá òun láàárọ̀. Akọ̀wé kan fèsì pé ó ti dé ọwọ́ àwọn.

Delpeuch wọlé. Lógúnjọ́ oṣù Kẹfà, ìpàdé ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Lille ló wà. Kò sí ẹni tó gbẹnu sọ fún Vézolles. Wọ́n ti ilé ìgbẹ̀bí pa nínú oṣù Kejìlá, Mísì Rouquette sì wá iṣẹ́ lọ sí Aurillac.

Nígbà òtútù tó tẹ̀ lé e, ìyàwó ọmọ Cassan ń rọbí, yìnyín sì ti dí ọ̀nà. Ẹni tó mọ nǹkan kan nípa ọmọ bíbí nítòsí ni wọ́n pè, Firmin sì gbẹ̀bí nínú ilé ìdáná. Ọmọ náà yè. Lọ́dún kejì, ìyàwó akólẹ́tà ló kàn, nínú mọ́tò lórí òkè. Firmin fi ẹsẹ̀ rìn débẹ̀. Ọmọ yẹn kò yè. Firmin kò sọ ìtàn náà fún mi rí. Akólẹ́tà ló sọ ọ́.

Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn ìyẹn, Delpeuch di Ààrẹ. A rí i nínú tẹlifíṣọ̀n níbi tó ti ń da wáìnì sínú ọbẹ̀, tó fi ọwọ́ méjèèjì gbé àwo. Nígbà tó wá bẹ ìlú wa wò, ó fẹ́ fi àmì ẹ̀yẹ kọ́ Firmin láyà. Firmin ránṣẹ́ pé òun yóò wá, ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí ìyẹn. Wọ́n fi àwọn méjèèjì sílẹ̀ nínú ọ́fíìsì olórí ìlú.

Ààrẹ ní, “O bínú sí mi.”

“Ara mi ni mò ń bínú sí,” ni Firmin wí. “Ìwọ kò kúkú gbá ọwọ́ lórí ti ilé ìgbẹ̀bí.”

Ó wá sọ ohun tó fẹ́: ọkọ̀ agbéaláìsàn kan àti agbẹ̀bí kan ní àgọ́ panápaná Vézolles, tòjò tẹ̀ẹ̀rùn. Ààrẹ na àtẹ́lẹwọ́ sí i. Firmin wò ó díẹ̀.

“Kọ ọ́ sílẹ̀,” ló wí.

Ààrẹ sì fa bébà, ó kọ ọ́, ó fọwọ́ sí i. Kí yìnyín tó dé lọ́dún náà, ọkọ̀ náà ti dé. Mísì Rouquette ni wọ́n bẹ̀ láti wá kọ́ àwọn tí yóò máa bá ọkọ̀ náà rìn, ó sì wá. Bó bá pàdé Firmin lójú pópó, a kí i pé “Dókítà”, a sì kọjá lọ.

Ọdún méje ni Delpeuch lò nípò; nígbà tó tún díje, wọ́n fìbò lé e kúrò. Firmin kò wọ ilé ìgbìmọ̀ mọ́ láyé rẹ̀, ẹran ló tọ́jú títí ó fi pé ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rin. Solange kú ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn. Ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún ni Firmin báyìí. Ọ̀dọ̀ ọmọbìnrin rẹ̀ ló ń gbé ní Aurillac, ní àjà kẹta, ojú òsì rẹ̀ kò sì ríran dáadáa mọ́.