Ìkúnlẹ̀ Mi ní Èbúté Ti Fẹ́ Di Òfin

Aago mẹ́sàn-án ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá òwúrọ̀ ni, ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú oṣù kẹjọ ọdún 1986 yìí, nígbà tí mo kọ́kọ́ rí ọkọ̀ ogun Nàìjíríà lórí adágún Míṣígàn.

Ọdún márùn-ún ni mo ti lò ní Ṣikágò, níbẹ̀ ni mo ti gboyè. Síbẹ̀ n kò mọ̀ pé ọkọ̀ tó gbéra ní Apápá lè la òkun já, kó wọ inú odò, kó gba adágún kan bọ́ sí òmíràn títí yóò fi dé ọ̀dọ̀ wa. Àwọ̀ eérú ni, ó ga bí ilé alájà. Àwọn ọmọ ogun tó wọ aṣọ funfun tò sí etí rẹ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn, ẹnikẹ́ni kò sì mira. Omi lé sí mi lójú. Kì í ṣe ìbànújẹ́, kì í sì í ṣe ayọ̀ nìkan. Ẹ̀rù wà nínú rẹ̀, ìyanu ló pọ̀ jù, mo sì tún ń bẹ̀rù kí Mísìs Kowalski má lọ rí omijé mi.

Mísìs Kowalski ni ọ̀gá mi. Iṣẹ́ wa ni láti gbàlejò ọkọ̀ ogun ilẹ̀ òkèèrè: àwa là ń wá mọ́tò àti òtẹ́ẹ̀lì, àwa la sì ń ṣètò bí àlejò àti onílé yóò ṣe pàdé. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n fi ń dán mi wò, mo sì ti lo méjì. Bí mo bá yege, wọn yóò gbà mí pátápátá, wọn yóò sì bá mi kọ̀wé sí ìjọba kí n lè máa gbé níbí. Bí n kò bá yege, ilé yá.

Odidi ọ̀sẹ̀ kan ni ọ̀gá mi fi kọ́ mi. "Bọ́sẹ̀, èjìká ni kó o máa wò, má wo ojú." Ní èjìká ni ìlà wúrà wà, ẹni tí tirẹ̀ bá pọ̀ jù la kọ́kọ́ ń kí. Bí olórí bá ń sọ̀ kalẹ̀, wọn yóò fọn fèrè kékeré kan fún un. Òun ni kí n mú lọ bá ọ̀gá àwọn ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà tó ń dúró dè wọ́n. Lójoojúmọ́ ni mo ń há a sórí nínú ọkọ̀ ojú irin láti Aurora tí mò ń gbé.

Fèrè dún. Kọmánda Fọlárìn sọ̀ kalẹ̀, kò lè ju ẹni ogójì ọdún lọ. Lẹ́yìn rẹ̀ ni bàbá kan tí irun wọn ti funfun, Bàbá Ògúnmọ́dẹdé, àgbà gbogbo àwọn òṣìṣẹ́ inú ọkọ̀, tí kò ní ìlà wúrà kankan ní èjìká. Gbogbo ohun tí mo há sórí ló fò lọ. Mo kọjá lára Kọmánda, mo sì kúnlẹ̀ fún Bàbá lórí pákó èbúté.

"Ẹ káàárọ̀, sà. Ẹ kú ewu ọ̀nà."

Wọ́n ti sọ fún ọ̀gá àwọn ará Amẹ́ríkà pé ẹni tí mo bá kọ́kọ́ kí ni olórí ọkọ̀. Ó na ọwọ́ sí Bàbá, ó ní, "Kọmánda, ẹ káàbọ̀."

Bàbá kò gba ọwọ́ náà. "Dìde, ọmọ mi," wọ́n sọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. "O ti kó bá mi."

Wọ́n fà sẹ́yìn, wọ́n kọjú sí Kọmánda, wọ́n sì fi gbogbo ara bẹ́rí fún un. N kò rí i rí kí àgbà bọ̀wọ̀ báyẹn fún ẹni tó lè jẹ́ ọmọ rẹ̀, láìsí ìtìjú rárá. Mo dúró, ìbọ̀sẹ̀ mi ti ya ní orúnkún méjèèjì, mo fẹ́ kí adágún gbé mi mì.

Kọmánda rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó sọ lédè Gẹ̀ẹ́sì pé, "Ní ilẹ̀ wa, àgbà la kọ́kọ́ ń kí. Ọmọ yín mọ àṣà." Inú àwọn òyìnbó dùn. Mísìs Kowalski yọ ìwé rẹ̀ jáde, ó kọ ọ́ sílẹ̀.

Nínú mọ́tò, bí a ṣe ń lọ sí òtẹ́ẹ̀lì ní Des Plaines, Kọmánda bi mí pé, "Ọmọ ibo ni ẹ́?"

"Ìjẹ̀bú-Igbó, sà."

"Abájọ. Orúnkún yín kì í gbọ́ràn sí ọ̀gá."

"Ẹ má bá a wí, sà," Bàbá ní. "Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni."

"Bàbá, ẹ jẹ́ kí n bá àbúrò mi sọ̀rọ̀." Ó yíjú sí mi. "Nínú ọkọ̀, tí mo bá ní kí Bàbá sáré, wọ́n á sáré. Nílé wọn ní Ẹ̀pẹ́, èmi ni mò ń dọ̀bálẹ̀. Má kó méjèèjì pọ̀ mọ́."

"Ẹ ṣeun tí ẹ gbà mí sílẹ̀, sà."

"Irọ́ kékeré ni. Ó ti tán."

"Kò tíì tán o," Bàbá ní. "Ìyá òyìnbó yẹn kọ ọ́ sílẹ̀."

Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n lò. Mo rí àwọn ọmọ Nàìjíríà àti Amẹ́ríkà tí wọ́n jókòó sórí èbúté, tí wọ́n ń fi oríṣiríṣi ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ta kókó sí okùn han ara wọn. Wọn kì í tètè gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ara wọn, ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn yé ara wọn. Mo dúró wò wọ́n títí mo fi gbàgbé oúnjẹ ọ̀sán. Mo rò ó pé iṣẹ́ tí mo fẹ́ fi ayé mi ṣe nìyí.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, Mísìs Kowalski gbé ìwé ìtọ́sọ́nà tuntun sórí tábìlì mi, pé kí n bá òun fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́. Lábẹ́ Nàìjíríà, ó kọ ọ́ pé: "Ẹni tó dàgbà jù ni kí ẹ kọ́kọ́ kí, láìka ipò sí." Yóò fi í ránṣẹ́ sí àwọn èbúté mìíràn.

"Ìwọ lo kọ́ mi," ó ní. "Mo ti sọ fún àwọn tó wà lókè pé torí èyí ni kí wọ́n ṣe gbà ọ́."

Ọkọ̀ Nàìjíríà mìíràn ń bọ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i, Kọmánda mìíràn ló ń darí rẹ̀. Mo ti ń rí i lọ́kàn mi bí yóò ṣe dúró lórí èbúté láìsí ẹni tó kí i, lójú àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Ràṣídà, nọ́ọ̀sì tí mò ń gbé lọ́dọ̀ wọn, ní, "Tẹ̀ ẹ́, kó o panu dé. Ṣé o fẹ́ padà sílé torí ìkúnlẹ̀ ni?" N kò lè bínú sí wọn, n kò ṣáà lè sùn.

Mo ti tẹ gbogbo ìwé náà tán, ó ku ibi Nàìjíríà. Ọjọ́ Ẹtì ni ọ̀gá mi fẹ́ gbà á. Ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ jù mí lọ, ẹ jọ̀wọ́, ṣé kí n tẹ̀ ẹ́ bó ṣe wà ni, àbí kí n sọ òtítọ́? Bó bá jẹ́ òtítọ́ ni, báwo ni n ó ṣe sọ ọ́, tí n kò fi ní sọ ẹni tó gbà mí sílẹ̀ di òpùrọ́?