Ìgò Àgbàdo Méjì Lójú Fèrèsé

Ohun tí mo sọ fún ìyá àgbà náà kì í ṣe irọ́. Mo ti yẹ ọ̀rọ̀ náà wò láìmọye ìgbà, mi ò sì rí ibi tí irọ́ wà nínú rẹ̀.

Àwọn sójà ló ń ṣèjọba nígbà náà. Wọ́n ti fòfin de àgbàdo òkè òkun, ti ilé sì wọ́n bí ojú. Mo ti kẹ́kọ̀ọ́ nípa ẹran ọ̀sìn jáde ní yunifásítì, mo ti ṣe àgùnbánirọ̀, iṣẹ́ kò sí. Ọkùnrin kan tó ń ta oúnjẹ adìẹ ní Ibereko gbà mí sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ohun tó ń tà jù níbẹ̀ ni ìyẹ̀fun funfun kan tí wọ́n ń gbé gba ẹnubodè Sẹmẹ wọlé, tí a ń pò mọ́ oúnjẹ adìẹ kó má baà bu. Létí ọ̀sà tiwa, oúnjẹ kì í pẹ́ nínú àpò kó tó hu irun.

Faransé ni wọ́n kọ sára ọ̀rá ìyẹ̀fun náà, kò sẹ́ni tó lè kà á. Bí oníbàárà bá ń ṣiyèméjì, ọ̀gá mi á tú u, á ní kó gbóòórùn rẹ̀. Bó bá ta á nímú, ojúlówó ni. Mo sọ fún ọ̀gá mi pé òórùn kì í ṣe ẹ̀rí. Mo wá ìgò méjì, mo da àgbàdo mímọ́ tí mo fi omi rẹ sínú méjèèjì, mo po ìyẹ̀fun mọ́ ọ̀kan, mo sì gbé wọn sójú fèrèsé. Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, èyí tí kò ní ìyẹ̀fun ti hu irun aláwọ̀ ewé. Èkejì wà bó ṣe wà. Àwọn èèyàn ń yà wá wò ó. Ọ̀gá mi kò tú ọ̀rá mọ́; ó kàn ń nawọ́ sí fèrèsé ni. "Gírádúéètì wa ló ṣe é. Ẹ bi í."

Ẹni tó bi mí ni ìyá àgbà kan, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì. Topo ló ń gbé, lódìkejì ọ̀sà, gbogbo owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ló sì fi kó adìẹ tó ń yé ẹyin. Kò ní nǹkan mìíràn. Òjò ti pa àgbàdo rẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi, ó sì ti bu. Ó fọ̀ ọ́, ó sá a, ó wá di ẹ̀kúnwọ́ kan sínú ìwé ìròyìn wá fún mi. Kò sí irun lára rẹ̀ mọ́, àmọ́ ìdí ọ̀pọ̀ hóró ti dúdú.

"Ọmọ mi, bí mo bá po ìyẹ̀fun yín mọ́ ọn, ṣé kò ní bu mọ́?"

Wọ́n ti kọ́ wa pé àgbàdo tó bá ti bu lè ní májèlé nínú. Fífọ̀ kì í kó o jáde tán, ìyẹ̀fun wa kì í sì í pa á. Bíbu tí kò tíì bẹ̀rẹ̀ ló ń dá dúró. Àgbàdo mímọ́ ni mo fi dán an wò nínú ìgò. Ṣùgbọ́n mi ò lè fi ẹ̀rí hàn pé májèlé wà nínú tirẹ̀, ọ̀gá mi sì ń wò mí. Mo dáhùn ohun tó bi mí, mi ò fi kún un.

"Kò ní bu mọ́, mà."

Ó ra ìyẹ̀fun náà lọ, ó pò ó mọ́ àgbàdo tó fi ń bọ́ àwọn adìẹ. Kò sì bu. Lọ́sẹ̀ kẹta ó ránṣẹ́ pè mí. Láti èbúté Topo ni mo ti ń tẹ́tí sí igbe adìẹ, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Ó ti sin wọ́n sínú iyanrìn lẹ́yìn ilé, ní ìlà ní ìlà, bí ẹni gbin nǹkan. Mo la èyí tó kú láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ti ràwọ̀, ó ń rún mọ́ mi lọ́wọ́.

Ó ní, "Wọ́n ní ìyẹ̀fun yín ló pa wọ́n. Mo ní rárá, ọmọ yẹn kì í purọ́."

Mo wá sọ gbogbo rẹ̀ fún un: májèlé inú àgbàdo, àti ìdí dúdú tí mo rí tí mo sì dákẹ́. Mo rò pé yóò lé mi. Ó kàn bi mí bóyá fífọ̀ tí òun fọ̀ ọ́ kò wá já mọ́ nǹkan kan. Mo ní kò tó. Ó wo ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná.

"Èmi àti ọmọ ọmọ mi ti ń fi àgbàdo yẹn ṣe ẹ̀kọ mu. Mi ò po ìyẹ̀fun mọ́ tiwa."

Mo ní kó da gbogbo rẹ̀ nù. Mo fẹ́ bá a gbé àpò àgbàdo náà lọ sétí omi, ó kọ̀, ó ní òun á dà á nù fúnra òun. Lẹ́yìn náà ló bi mí, jẹ́jẹ́, pé kí ni kí àwọn jẹ. Mo gba ọ̀nà èbúté lọ.

Ọkọ̀ wa kò tíì jìnnà sí èbúté tí mo fi rí èéfín tó ń yọ láti ilé ìdáná rẹ̀. Ó lè jẹ́ ẹja ló ń yan. Ó lè jẹ́ omi ló ń gbé kaná, kì í ṣe ẹ̀kọ. Mi ò sọ fún ọlọ́kọ̀ pé kó yí padà.