Bọ́ọ̀sì Pak Parjiman Kò Kọjá Selogiri

Kò sí ẹni tó gbé ní ìlú Nguter nígbà náà tí kò mọ ìwo bọ́ọ̀sì Baba Parjiman, Pak Parjiman bí a ṣe ń pè é. Láti òkèèrè ni yóò ti máa fun ún bọ̀, àwọn ọmọdé yóò sì tú jáde sí títì bí ẹni pé oúnjẹ ló dé. Solo sí Wonogiri, Wonogiri sí Solo, ọ̀nà kan ṣoṣo ló fi gbogbo ayé rẹ̀ wà, kò sì sọ ọ́ rí pé ó sú òun. Ojú ọ̀nà yẹn náà ló ti rí ìyàwó. Larmi ń ta àgbo lábẹ́ igi àjàgbọn létí títì ní Nguter, ni Parjiman tí ara rẹ̀ le bí òkúta bá di aláìsàn lójijì: lójoojúmọ́ ló ń dá bọ́ọ̀sì dúró kó lè mu àgbo. Àwọn èrò ọkọ̀ kùn títí ó fi sú wọn. Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí, Wening, ẹ̀yìn ìjókòó dírẹ́bà ló sì ti kọ́ ìwé kíkà, níbi tó ti ń ka pátákó ìlú kọ̀ọ̀kan bí wọ́n ṣe ń kọjá.

Larmi kú. Kò pẹ́ sí i, àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu baba, ẹsẹ̀ ọ̀tún ló mú, ẹsẹ̀ tí dírẹ́bà fi ń tẹná. Dókítà ní ẹsẹ̀ náà yóò ṣiṣẹ́ padà bó bá ń lò ó. Ṣùgbọ́n iwájú ilé ni baba ń jókòó sí, títì ló ń wò. Bí wọ́n bá ní kó na ẹsẹ̀, á ní, "Kí n nà án lọ síbo?"

Wening ti dàgbà, ilé iṣẹ́ kékeré kan tó ń ṣe géèmù kọ̀ǹpútà ní Solo ló wà. Géèmù bọ́ọ̀sì ni wọ́n ń ṣe, irú èyí tí ayé inú rẹ̀ fẹ̀ lọ salalu, tí èèyàn lè wakọ̀ lọ síbi tó bá wù ú. Òun ni wọ́n fún ní ọ̀nà Wonogiri yà. Ó yà á délé dóko, títí kan ewúrẹ́ tí kì í kúrò lójú títì. Nígbà tó ṣe, ó gbé e wálé, ó so ọwọ́ ọkọ̀ àti ohun ìtẹná mọ́ kọ̀ǹpútà àtijọ́ tó wà ní pálọ̀.

"Pak, ẹ jókòó. Ẹ gbé wa lọ Wonogiri."

"Nduk, ọmọ mi, bọ́ọ̀sì irọ́ nìyí."

"Bọ́ọ̀sì irọ́ ni lóòótọ́, ẹsẹ̀ tòótọ́ lẹ máa fi wà á."

Baba rẹ́rìn-ín, ó sì jókòó. Nígbà tó rí gbọ̀ngàn ibùdókọ̀ Solo tó yọ níwájú rẹ̀, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó ní eruku ni.

Ìṣòro wà nínú kọ̀ǹpútà yẹn. Mẹ́mọ́rì kọ̀ǹpútà kò ju tábìlì lọ, orí rẹ̀ ló ń to ohun tó ń lò lọ́wọ́ sí. Tábìlì ti ibi iṣẹ́ Wening gbòòrò. Ti baba kò ju gíìgì mẹ́rin lọ, kò sì sí àyè tí èèyàn lè ki òmíràn bọ̀. Wening mọ èyí tẹ́lẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ ni. Ẹni tó ń ṣe irú géèmù bẹ́ẹ̀ kì í to gbogbo ayé kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tó wà níwájú bọ́ọ̀sì ni yóò máa tò, èyí tí bọ́ọ̀sì bá ti kọjá, yóò máa kó o kúrò.

Síbẹ̀, bí bọ́ọ̀sì bá ti dé Selogiri, ìlú tó ṣáájú Wonogiri, gbogbo rẹ̀ á gan pa, ojú kọ̀ǹpútà á ṣú. Lọ́jọ́ kìíní, baba ní, "Gbogbo bọ́ọ̀sì ló ń kú ní Selogiri, òkè ibẹ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹnikẹ́ni." Nígbà tó tún kú, ó ní kí Wening tún un tàn. Nígbà tó tún kú sí i, ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ kúrò lórí ohun ìtẹná, ọwọ́ ló fi gbé e.

"Nduk, bó bá tún kú, kó ẹrù ẹ kúrò níbí. Bọ́ọ̀sì gidi ti kọ̀ mí. Mi ò lè jẹ́ kí tirọ́ náà máa kọ̀ mí."

Ọ̀rọ̀ yìí ba Wening lẹ́rù gan-an, torí ó mọ̀ pé bí baba bá kúrò lórí ìjókòó yẹn, iwájú ilé ló ń padà sí, ẹsẹ̀ náà á sì kú pátá. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gé nǹkan kúrò. Ó gé ewé orí igi, ó lé àwọn ewúrẹ́ lọ, ó wó ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ń lẹ táyà. Ó gbìyànjú rẹ̀ fúnra rẹ̀ nígbà tí baba ń sùn lọ́sàn-án. Selogiri ló tún kú sí.

Ohun kan wà tí kò fọwọ́ kàn, ìsọ̀ àgbo ìyá rẹ̀ lábẹ́ igi àjàgbọn. Ó ti ya ìgò kọ̀ọ̀kan, agbọ̀n, àti aṣọ tí ìyá fi ń gbé e pọ̀n. Ó sì kọ àṣẹ kan tì í fún kọ̀ǹpútà, tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni: èyí, má kó o kúrò láéláé. Wọ́n ti gbé ìyá náà kúrò lójú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kò fẹ́ kí wọ́n tún gbé e. Àbí kí ni ìsọ̀ kan ṣoṣo lè wúwo mọ?

Ìgbéyàwó kan wáyé ládùúgbò wọn, Wening sì lọ bá àwọn obìnrin yòókù nu àwo nílé ìdáná. Bu Giyarti ni olórí ìdáná, obìnrin tí ohùn rẹ̀ kò nílò gbohùngbohùn. Lọ́dọ̀ tiwa, àlejò kì í dìde lọ bu oúnjẹ. Wọ́n á jókòó ní ìlà-ìlà, àwọn ọ̀dọ́ á máa na àwo láti ọwọ́ dé ọwọ́, tíì, ọbẹ̀ olómi, ìrẹsì, yìnyín dídùn. Tí yìnyín bá ti tán, kí kálukú máa lọ ilé rẹ̀ nìyẹn. Bí wọ́n bá ṣe ń gbé ọ̀kan wá ni wọ́n ń gba ti ìṣáájú lọ, torí abọ́ kò tó.

Lọ́jọ́ yẹn, ìrẹsì dúró gbagidi láàárín ìlà. Baba àgbà kan, Mbah Kromo, ló di abọ́ ọbẹ̀ rẹ̀ mú. Ẹni tó gbé ìrẹsì dúró tì í, àwọn tó wà lẹ́yìn kọlu ara wọn, Bu Giyarti sì jáde.

"Mbah, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún wọn lábọ́."

"Ọrùn adìyẹ ṣì wà nínú ẹ̀."

"Ìrẹsì àti ẹran ló ń bọ̀ yìí! Ibo ni kí wọ́n gbé e lé, orí yín?"

"Tí mo bá jọ̀wọ́ ẹ̀, ṣé mo tún máa rí i?"

"Hẹ̀! Ṣé Jakarta labọ́ ń lọ ni? Ilé ìdáná ló ń lọ! A máa fọ̀ ọ́, bẹ́ ẹ bá tún béèrè ẹ̀, á tún jáde wá bá yín."

Gbogbo èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Aṣọ ìnuwọ́ dúró lọ́wọ́ Wening.

"Bu, mò ń bọ̀."

"Níbo lò ń lọ? Àwo kún ilẹ̀!"

"Mo fẹ́ lọ gba abọ́ lọ́wọ́ ara mi."

"Ẹ wo èyí, ìwé ti yí i lórí," ni Bu Giyarti wí, ó sì ju aṣọ ìnuwọ́ sí ẹlòmíràn.

Ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó, inú àpò ṣòkòtò ló wà. Wening délé, ó wa bọ́ọ̀sì dé ẹ̀bá Selogiri, ó dá a dúró, ó sì yí ojú kọ̀ǹpútà padà sẹ́yìn wo abẹ́ igi àjàgbọn ní Nguter. Èrò wà níbẹ̀ bí omi. Gbogbo ẹni tí géèmù ń rán wá ra àgbo ló ṣì dúró síbẹ̀, tàwọn ti alùpùpù wọn. Níwọ̀n ìgbà tí a kò gbọdọ̀ kó ìsọ̀ kúrò, oníbàárà rẹ̀ náà kò lọ. Àwọn ló kún orí tábìlì baba. Wening pa àṣẹ yẹn rẹ́. Ó dùn ún, ó sì sunkún, kò fi pamọ́. Lẹ́yìn náà, ó dá àwọn ewúrẹ́ àti onítáyà padà sí àyè wọn.

Lọ́jọ́ kejì, baba jókòó. "Ìgbà ìkẹyìn rèé o."

Ó dé Nguter, ó fun ìwo sí ìsọ̀ ìyàwó rẹ̀, ó kọjá. Ó dé Selogiri. Wening di etí àga mú. Bọ́ọ̀sì gun òkè, ó sọ̀ kalẹ̀, ó wọ ibùdókọ̀ Wonogiri wẹ́rẹ́. Baba yíjú sí Wening.

"Kí ló ń pa á tẹ́lẹ̀?"

"Èmi ni, Pak. Mo ní kí kọ̀ǹpútà má kó ìsọ̀ Ìyá kúrò. Ní báyìí, tẹ́ ẹ bá ti kọjá, á kó o."

Ojú baba yí padà. "Ìyẹn ni pé kò sí níbẹ̀ mọ́?"

"Kò sí níbẹ̀ báyìí, àmọ́ tẹ́ ẹ bá…"

Baba kò dúró gbọ́ ìyókù. Ó yí bọ́ọ̀sì po láì gbé èrò kankan, ó sì tẹná títí ohun ìtẹná fi ń dún. Ó sáré kọjá Selogiri, ewúrẹ́ sá fún un. Títì Nguter ṣófo níwájú. Lẹ́yìn náà, orí igi àjàgbọn yọ. Agbọ̀n yọ lábẹ́ rẹ̀, àti àwọn ìgò, àti aṣọ.

Ó rọra dá bọ́ọ̀sì dúró síbi tó máa ń dá a dúró sí. Ó fun ìwo.

"Pak," ni Wening wí, "ẹsẹ̀ ọ̀tún yín lẹ fi ń tẹ̀ ẹ́ láti Wonogiri, ẹ ò fọwọ́ gbé e rárá."

"Dákẹ́ ná, Nduk. Mò ń mu àgbo lọ́wọ́."