Ọjọ́ Kan Náà Ni A Bí Gbogbo Wọn: Ìrìn Àjò Wa sí Ìsẹ̀ àti Ọ̀rùn

Kọ̀mpútà ni a kọ́kọ́ wá àyè fún nínú ọkọ̀ kí a tó wá àyè fún ara wa. Ní gáréèjì Ìkẹ́rẹ́ ní Adó ni, ní aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí ọjọ́ Ẹtì. Bùkọ́lá ti fi ìró àtijọ́ kan wé ojú kọ̀mpútà náà bí ẹni wé ọmọ tuntun, ó gbé e lé itan. Awakọ̀ Peugeot náà yọjú wò ó.

"Àǹtí, èèyàn mẹ́ta ni yín o."

"Àwa méjì rèé," Bùkọ́lá dá a lóhùn.

"Èyí tó ró aṣọ yìí ńkọ́? Ó sanra ju ìyàwó mi lọ. Ẹ san tirẹ̀."

Àádọ́ta náírà ni wọ́n ń gbà lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan láti Adó sí Ìkẹ́rẹ́. Lẹ́yìn ẹ̀bẹ̀ díẹ̀, ó gba ọgbọ̀n náírà lórí kọ̀mpútà, ó ní òun ṣàánú rẹ̀ nítorí pé kò ní sọ̀rọ̀ lọ́nà. Àpótí kejì, èyí tí ọpọlọ ẹ̀rọ náà wà nínú rẹ̀, ni mo gbé sáàárín ẹsẹ̀ mi.

Kí n sọ ẹni tí Bùkọ́lá jẹ́, tí mo tẹ̀ lé lọ kí n lè kọ ohun tí mo bá rí. Kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Ó ti ṣe tíṣà fún ọdún mẹ́ta kí òun àti Táyọ̀, tí wọ́n jọ kàwé, tó gba yàrá kan lókè ṣọ́ọ̀bù télọ̀ ní Adó, tí wọ́n dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀. Orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni iṣẹ́ wọn wà, èyí tí àwọn kan ti ń pè ní ayélujára: ohun tí kọ̀mpútà kan bá gbé sórí rẹ̀ ní Adó, ẹni tó wà ní Èkó tàbí ní Lọ́ńdọ̀nù lè kà á. Ilé-ìwé yóò fún wọn ní máàkì àwọn ọmọ, wọn yóò sì gbé e síbẹ̀. Òbí tó wà lọ́nà jíjìn yóò lọ sí kafé, níbi tí wọ́n ti ń háyà kọ̀mpútà ní wákàtí-wákàtí, yóò tẹ nọ́ńbà ọmọ rẹ̀ àti ọjọ́ tí ó bí i, èsì ìdánwò yóò sì jáde. Ọjọ́ ìbí yẹn ni kọ́kọ́rọ́.

Ilé-ìwé méjì péré ló ti gbà láti lò ó, ọ̀kan ní Adó, ọ̀kan ní Ìkẹ́rẹ́; ẹ̀kẹta, ní Ìsẹ̀, ni à ń gbé e lọ fi hàn lọ́jọ́ náà. Táyọ̀ ló ń kọ ètò inú kọ̀mpútà, Bùkọ́lá ló ń bá àwọn ilé-ìwé sọ̀rọ̀. Bí ọ̀kan bá lọ, èkejì kò lè dá a ṣe. Lọ́sẹ̀ náà gan-an, báńkì kan ní Èkó kọ ìwé ìgbàsíṣẹ́ sí Táyọ̀, wọ́n ní kí ó fèsì ní ọjọ́ Ajé.

"Ohun tó sọ fún mi lánàá nìyí," Bùkọ́lá wí bí ọkọ̀ ti ń ṣí. "Ó ní, 'Bí ilé-ìwé Ìsẹ̀ bá fọwọ́ sí i, mo dúró. Bí wọn ò bá fọwọ́ sí i, má bínú, mo ń lọ.'"

Ilẹ̀ mọ́ bá wa lábẹ́ àwọn òkè àpáta Ìkẹ́rẹ́. Ẹni tó bá ti apá Ọ̀tùn wá bí èmi, a máa rò ó lẹ́ẹ̀mejì kó tó jókòó síbi tí òkè ti ga lé orí ilé báyìí. Àwọn ará ìlú kò tilẹ̀ wò ó. A yà sí ilé olóúnjẹ kan. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, ẹ̀kọ àti àkàrà la fi ń ṣí ẹnu láàárọ̀, iyán di ọ̀sán. Níbí, aago méje kò tíì lù tí mo bá àwọn tíṣà mẹ́ta nídìí iyán. Uyán ni wọ́n ń pè é, bí wọ́n ti ń pe ilé ní ulé. Ogójì náírà ni mo fi jẹ tèmi, pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹ̀gúsí àti ẹran kan. Mo bi ọ̀kan nínú wọn pé ṣé iyán kò ní mú un sùn ní kíláàsì.

"Ọmọ márùndínláàádọ́ta ló wà ní kíláàsì mi," ó ní. "Ṣé ẹ̀kọ lẹ fẹ́ kí n fi kọ́ wọn?"

Ilé-ìwé tó ń lo iṣẹ́ Bùkọ́lá ní Ìkẹ́rẹ́ ni tíṣà náà wà. Mo bi í bó ti rí. Ó fọ ọwọ́ kó tó dáhùn: "Ọmọ kan wà tó máa ń fi èsì rẹ̀ pamọ́. Ní sáà tó kọjá, bàbá rẹ̀ ti wò ó ní Àbújá, ó sì ti fóònù ìyá rẹ̀, kí ọmọ náà tó dé ẹnu ọ̀nà ilé. Ẹgba ti ń dúró dè é."

Láti Ìkẹ́rẹ́ sí Ìsẹ̀, ọgọ́rin náírà ni, nínú Dátúsùn tó kó èèyàn mẹ́fà. Ọ̀dà wà lójú ọ̀nà títí dé ìdajì, lẹ́yìn náà kòtò ló gbà á. Níbi tí ọ̀dà bá ti kù, wọ́n sá kòkó sí etí rẹ̀, awakọ̀ sì ń yà fún kòkó ju bó ti ń yà fún kòtò lọ. Bùkọ́lá wo fóònù rẹ̀. Kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì mọ́. Ó pa á, ó tì í sínú báàgì.

Ilé-ìwé náà wà lójú ọ̀nà tó ti Ìsẹ̀ lọ sí Ọ̀rùn. Ọjọ́ ìpàdé òbí ni. Pírínsípà, obìnrin tó wọ gíláàsì, tí kì í sọ ju ohun tó yẹ lọ, ti kó gbogbo wọn sínú gbọ̀ngàn. Àwọn tíṣà àti òṣìṣẹ́ ìjọba wà níwájú. Àwọn tó ti oko wá láti agbègbè Ọ̀rùn wà lẹ́yìn, àwọn mìíràn sì kó àdá wọn sí ẹnu ọ̀nà. Íńtánẹ́ẹ̀tì kò sí ní Ìsẹ̀, nítorí náà Táyọ̀ ti kó ojú ewé náà sínú kọ̀mpútà tí a gbé wá, pẹ̀lú orúkọ àti máàkì tí ilé-ìwé ti fi ránṣẹ́. Wọ́n tan jẹnẹrétọ̀, ojú kọ̀mpútà mọ́lẹ̀.

Òṣìṣẹ́ ìjọba kan ló kọ́kọ́ jáde. Ó sọ nọ́ńbà ọmọ rẹ̀ àti ọjọ́ ìbí, èsì jáde, wọ́n pàtẹ́wọ́. Pírínsípà mi orí.

Àgbẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Bàbá Fúnmi ló tẹ̀ lé e.

"Nọ́ńbà ọmọ yín, sà?" Bùkọ́lá bi í.

"Mẹ́rìnlá."

"Ọjọ́ tí ẹ bí i?"

"Ọjọ́ ọjà ni." Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín.

Wọ́n yẹ rẹ́jísítà wò fún un: ọjọ́ kìíní, oṣù kẹwàá. Bùkọ́lá tẹ̀ ẹ́. Èsì jáde. Bàbá Fúnmi tẹ̀ síwájú, ó kà á sókè bí ẹni ka ẹ̀kọ́ kíkà ní ṣọ́ọ̀ṣì: "Ipò kọkànlélọ́gbọ̀n nínú ọmọ méjìdínlógójì. Ìṣirò, ó fìdí rẹmi. Gẹ̀ẹ́sì, ó... Háà! Èyí kì í ṣe Fúnmi. Ṣẹ́gun ni wọ́n kọ síbí."

Fúnmi ni nọ́ńbà kẹẹ̀ẹ́dógún. Bàbá rẹ̀ ló ṣì í sọ. Ṣùgbọ́n ọjọ́ ìbí kan náà ti ṣí ti Ṣẹ́gun. Ìyá Ṣẹ́gun sì wà níbẹ̀, lẹ́yìn, ó dìde.

"Ta ló ní kí o ka uwé ọmọ mi sétí gbogbo ayé? Bàbá Fúnmi, ṣé èmi ló ń bá ọ pín ẹ̀bù iṣu ni?"

"Ẹ̀rọ ni, Ìyá Ṣẹ́gun! Èmi kọ́!"

Bùkọ́lá ti rí i. Ó tẹ nọ́ńbà kẹẹ̀ẹ́dógún pẹ̀lú ọjọ́ kan náà, ó ṣí. Ó tẹ kẹrìndínlógún, ó ṣí. Ọ̀kan nínú àwọn tó wà lẹ́yìn wí pé, "Àbí ọjọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n bí gbogbo ọmọ Ọ̀rùn?"

"Ẹ bá mi pa á," Pírínsípà sọ. Wọ́n pa jẹnẹrétọ̀. Ariwo rẹ̀ lọ, ti àwọn èèyàn kù.

Àgbàlagbà kan tó ń bá ilé-ìwé náà kọ rẹ́jísítà ló gbé ọwọ́ sókè. Bàbá Tíṣà ni gbogbo wọn ń pè é. Ó ti fẹ̀yìn tì.

"Èmi ni mo bí wọn lọ́jọ́ kan náà," ó ní. "Nígbà tí mo ṣe hẹ́dímásítà ní Ọ̀rùn, wọn á mú ọmọ wá láti oko. Mo bi wọ́n, ìgbà wo lẹ bí i? Wọ́n ní, ìgbà tí à ń kọ ebè. Mo ní kí ọmọ gbé ọwọ́ kọjá lórí. Bí ìka rẹ̀ bá kan etí òdìkejì, ó tó wọ ilé-ìwé nìyẹn. Ṣùgbọ́n rẹ́jísítà ní àyè fún ọjọ́ ìbí, alábẹ̀wò kò sì fẹ́ rí àyè òfìfo. Mo kọ ọjọ́ òmìnira. Ìwé yẹn ni wọ́n gbé wá síbí."

Mo wo Bùkọ́lá. N kò rí ẹni tó bínú, ẹni tí ojú ń tì ni mo rí.

"Bàbá, èmi náà ṣe é rí nígbà tí mo ń kọ́ ọmọ," ó ní. "Ọjọ́ Kérésìmesì ni tèmi. Mo mọ̀ ọ́n, mo sì tún lọ fi ọjọ́ ìbí ṣe kọ́kọ́rọ́." Ó yíjú sí ẹ̀yìn gbọ̀ngàn, ó kúnlẹ̀. "Ìyá Ṣẹ́gun, ẹ má bínú. Àṣìṣe mi ni."

Ìyá Ṣẹ́gun rìn wá síwájú, ó wo ẹ̀rọ tó ti ṣókùnkùn náà.

"Dìde. Kí lo tilẹ̀ ń wá lẹ́nu wa?"

"Ohun kan nípa ọmọ yín, mà, tí ẹ̀yin mọ̀, tí ará àdúgbò ò mọ̀. Tí ẹ ò sì ní gbàgbé."

"Kí ló dé tí o kò fi sọ bẹ́ẹ̀ láti àárọ̀? Ọjọ́ tí a sọ ọ́ lórúkọ, gbogbo ẹbí ló ju owó sínú abọ́, kálukú ló sọ tirẹ̀. Ṣẹ́gun ni ti bàbá rẹ̀. Ìyá mi ní tirẹ̀ tó sọ ọ́. Òun nìkan ló ń fi pè é, lẹ́yìn rẹ̀, èmi. Bàbá Fúnmi ò mọ̀ ọ́n."

"N kò sì fẹ́ mọ̀ ọ́n!" Bàbá Fúnmi ké, ẹ̀rín sì gba gbọ̀ngàn.

Wọ́n tún tan jẹnẹrétọ̀. Ìyá Ṣẹ́gun tẹ̀ ba, ó sọ ọ́ sí Bùkọ́lá létí. Kò rọrùn bí a ti ń sọ ọ́ yìí, nítorí Táyọ̀ ló mọ inú ètò náà. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni Bùkọ́lá fi wá ibi tí yóò ti pààrọ̀ ọjọ́ ìbí náà sí orúkọ fún ọmọ kan ṣoṣo yẹn. Bàbá Fúnmi tẹ ọjọ́ òmìnira, ẹ̀rọ kọ̀ ọ́. Ìyá Ṣẹ́gun fi ìka kan tẹ orúkọ náà, lẹ́tà kan lẹ́yìn òmíràn, bí Bùkọ́lá ti ń tọ́ka sí i. Ó ṣí.

Bùkọ́lá fa ìwé àdéhùn yọ. Pírínsípà kò gbà á.

"N kò ní fọwọ́ sí nǹkan kan lónìí, ọmọ mi. Ohun tí mo kọ́kọ́ rí kò ní jẹ́. Ọmọ kan ló ṣí yẹn. Mo ní ju igba lọ. Lọ bá àwọn ìyá wọn, ní ojúlé sí ojúlé, ní oko sí oko. Bí orúkọ wọn bá pé lọ́wọ́ rẹ kí sáà yìí tó parí, padà wá, màá fọwọ́ sí i."

Mo rò pé Adó ni a ó kọjú sí. Bùkọ́lá fi kọ̀mpútà sábẹ́ tábìlì Pírínsípà, ó ra ìwé kíkọ kan, ó pe ọ̀kadà méjì. Ọgbọ̀n náírà lẹ́nì kọ̀ọ̀kan dé Ọ̀rùn. A bá àwọn obìnrin nídìí ẹ̀gẹ́, wọ́n ń bó o. Bí ọ̀kan bá fẹ́ sọ orúkọ, èmi a rìn lọ sídìí igi, òun a sì sọ ọ́ sí Bùkọ́lá létí. Ẹnì kan kọ̀: "Inú ulé là ń pe èyí. Kò jáde rí." Bùkọ́lá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kò bẹ̀ ẹ́. Ẹlòmíràn sọ tirẹ̀, ó sì fi ìta iṣu mẹ́ta tì wá lẹ́yìn. Nígbà tó di aago mẹ́rin, mẹ́tàdínlógún ló wà nínú ìwé náà. N kò mọ ọ̀kankan nínú wọn, bí mo bá sì mọ̀ ọ́n, n kò ní kọ ọ́ síbí.

A padà gbé kọ̀mpútà wa ní Ìsẹ̀, a sì ti kọjá Ìkẹ́rẹ́ lójú ọ̀nà àbọ̀ kí Bùkọ́lá tó yíjú sí mi. "Kí ni màá sọ fún Táyọ̀?" ó bi mí.

Èmi ti rò pé àìsí iná àti àìsí íńtánẹ́ẹ̀tì ni yóò dá irú iṣẹ́ yìí dúró ní ìhà ibẹ̀. Èyí tó sún mọ́ pípa á ni àyè kékeré kan nínú rẹ́jísítà, tí gbogbo ẹni tó ti di ṣọ́ọ̀kì mú rí ní ilẹ̀ wa mọ̀ pé a kàn ń dí i ni. Ẹni tó bá fẹ́ kọ ohun èlò fún ilé-ìwé wa, kí ó kọ́kọ́ béèrè bí a ṣe dí àwọn àyè náà.

Aago méje kọjá díẹ̀ nígbà tí a dé Adó. Táyọ̀ wà lókè, ó jókòó sídìí kọ̀mpútà tó kù, lẹ́tà báńkì wà lórí tábìlì.

"Wọ́n fọwọ́ sí i?"

"Rárá."

Bùkọ́lá sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí Bàbá Fúnmi dé orí obìnrin tó kọ̀. Kò fi ohun kan pamọ́, kò sì bẹ̀ ẹ́. Ó gbé ìwé kíkọ náà síwájú rẹ̀. Táyọ̀ ṣí i, ó ń fi ìka tọ orúkọ wọ̀nyẹn láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó sì padà sí àárín.

"Èyí tó gùn jù yìí," ó ní, "lẹ́tà mélòó ni?"

Wọ́n jọ kà á. Mọ́kàndínlógún ni.

"Mẹ́wàá péré ni àyè tí mo fi sílẹ̀ fún kọ́kọ́rọ́," Táyọ̀ sọ, ó fa kíbọ́ọ̀dù sọ́dọ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀ ẹ́.