Ohun Tí Mo Gbé Jáde Nínú Ọ̀sà

Ó ku nǹkan bí ọdún márùn-ún kí òmìnira dé, mo jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, iṣẹ́ tí mo ń ṣe kò sì tẹ́ ìyá mi lọ́rùn rárá. Ìdí ọkọ̀ ojú omi ni mo ń ha ní Ẹbúté Èrò. Ìkarahun a máa lẹ̀ mọ́ ìdí ọkọ̀, èmi ni mo ń wọ abẹ́ omi lọ fi irin ha á kúrò. Òyìnbó kan tó fẹ́ padà sílùú rẹ̀ ló ta mí lọ́rẹ dígí tí wọ́n fi rọ́bà yí ká, tí èèyàn ń dè mọ́jú, àti ọ̀pá rọ́bà tí èèyàn fi ń mí bí ó bá dojú bomi. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní mo jọ ọ̀pọ̀lọ́. Mo ní ó kúkú tẹ́ mi lọ́rùn, kí wọ́n ṣáà má wá yá a lọ́wọ́ mi.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi ọ̀sà a máa mọ́ díẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, lẹ́yìn agbo ilé wa gan-an ní Ìsàlẹ̀ Èkó, mo rí nǹkan kan nínú ẹrẹ̀. Ìkarahun ti bò ó pátápátá. Ó ṣóńṣó lápá kan, ìdí rẹ̀ tẹ́jú. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo mòòkùn kí n tó lè fà á jáde, ó wúwo bí òkúta.

Nígbà tí mo gbé e délé, ẹnì kan ní bọ́ǹbù tó ṣẹ́ kù nínú ogun àwọn òyìnbó ni. Kíá, àwọn obìnrin ti gbé ọmọ wọn, ó di eré. Ẹlòmíì ní agogo ọkọ̀ tó rì ni. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tí gbogbo ilé ń pè ní Ìyá Àgbà, ní ohun yòówù kó jẹ́, kí n ṣe bísímílà kí n tó fi irin kàn án. Mo rẹ ẹ́ sínú omi ọsàn wẹ́wẹ́, mo fi ọjọ́ mẹ́ta ha á. Lọ́jọ́ kẹta ni orí àkùkọ kékeré kan yọ níwájú rẹ̀, ni mo bá bú sẹ́rìn-ín. Áyọ́ọ̀nù eléèédú ni! Àkùkọ yẹn ni wọ́n fi ń ti ìdérí rẹ̀. Alágbàfọ̀ ni ìyá mi, inú èéfín áyọ́ọ̀nù ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà.

Mo já ìdérí náà. Èédú kún inú rẹ̀ fọ́fọ́.

Ẹ̀rín tán lẹ́nu mi. Ọmọ alágbàfọ̀ kan kò sí tí kò mọ̀ pé èèyàn kì í fi èédú sílẹ̀ nínú áyọ́ọ̀nù. Bí iṣẹ́ bá ti parí, wọ́n á dà á nù, wọ́n á nù ún, wọ́n á fi òróró pa á lára, torí eérú a máa jẹ irin. Ẹni tó ju èyí sómi, pẹ̀lú iná nínú rẹ̀ ló jù ú. Kí ló ń lé e?

Ìyá mi dé láti Lafiaji, níbi tó ti lọ kó aṣọ àwọn akọ̀wé. Bó ṣe rí áyọ́ọ̀nù náà, ó dúró gbagidi pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ lórí.

"Gbé e padà síbi tí o ti rí i."

"Kí ló dé, Màámi?"

"Mo ní gbé e padà! Àbí etí ẹ ti di ni?" Ó wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn.

Inú mi ò gba irú ìyẹn, láti kékeré ni inú ti ń yára bí mi. Mo gbé e tọ Ìyá Àgbà lọ. Ó yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó fọwọ́ kan ogbe àkùkọ náà, níbi tó ti kán.

"Ti ìyá ẹ mà nìyí. Ó ní olè ló jí i. Ọ̀sẹ̀ tí omi gbígbóná jó ẹ gan-an ni."

Àpá kan wà lẹ́yìn mi, láti èjìká dé ìbàdí. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni mí nígbà tó ṣẹlẹ̀. Ohun tí gbogbo àdúgbò mọ̀ ni pé ìyàwó kékeré bàbá mi, tí mò ń pè ní Àǹtí, ló da omi gbígbóná lé mi lórí nítorí owú. Ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n bá mi, kẹ́tù rẹ̀ sì dojú dé nílẹ̀. Wọ́n mú un dé iwájú àlùfáà, ó fi Kùránì búra pé ọwọ́ òun ò sí níbẹ̀. Kí oṣù náà tó parí, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ oṣù márùn-ún, kú. Wọ́n ní Kùránì ti dá a lóhùn, pé irọ́ ló búra. Bàbá mi lé e jáde, ó sì kú láìyí ọ̀rọ̀ náà padà. Láti ìgbà náà ni Àǹtí ti ń ta ọṣẹ àti káńfọ̀ ní Jankara. Èmi fúnra mi, nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́wàá, mo bu yanrìn sórí àtẹ rẹ̀, mo pè é ní àjẹ́. Ó gbọn ọjà rẹ̀, kò bá mi wí.

Mo bọ́ ẹ̀wù, mo dojú bolẹ̀ lórí ẹní. "Ìyá Àgbà, ẹ gbé áyọ́ọ̀nù náà lé mi lẹ́yìn." Ó kọ̀. Mo jágbe mọ́ ọn, kí Ọlọ́run foríjì mí. Ó gbé e lé mi, irin náà tutù. Ó sún un sókè, ó yí ṣóńṣó rẹ̀ sí èjìká mi.

"Ara ẹ ti dàgbà, àpá náà ti fẹ̀ jù ú lọ. Ṣùgbọ́n ṣóńṣó yìí… Lá iláha illa-llahu! Omi gbígbóná wo ló ń ní ṣóńṣó?"

Ó ní òrí àti ewé ni wọ́n fi bo egbò náà fún oṣù púpọ̀. Nígbà tó fi jinná, ẹjọ́ ti parí, kò sẹ́ni tó tún wò ó dáadáa.

Mo gbá ilẹ̀kùn ìyá mi wọlé. Kò jiyàn. Ó ní àtìdájí lòun ti ń lọṣọ lọ́jọ́ náà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, èmi ń sùn lẹ́sẹ̀ òun. Oorun gbé òun lọ, áyọ́ọ̀nù bọ́ lọ́wọ́ òun lé mi lẹ́yìn. Ìpayà mú òun, òun gbá áyọ́ọ̀nù náà mú, òun sá gba ẹ̀yìn ilé lọ jù ú sí ọ̀sà, ẹsẹ̀ òun sì gbá kẹ́tù tí ìyàwó gbé kalẹ̀.

"Kí n tó padà dé, ilé ti kún. Mi ò sọ pé òun ni o. Àwọn ni wọ́n sọ ọ́. Èmi kàn dákẹ́ ni."

"Ẹ dákẹ́! Ẹ dákẹ́ fún ọdún mẹ́rìndínlógún!" Mo sọ ohun tí ọmọ kì í sọ síyàá. Ó kúnlẹ̀ fún mi, èmi tó bí, ó ní kí n bo òun láṣìírí. Mo ní kó dìde, ká jọ lọ sí Jankara. Ó ní òun ò lè lọ, ojú òun ò ní gbà á. Mo dá lọ.

Mo dọ̀bálẹ̀ níwájú àtẹ Àǹtí. Mo gbé áyọ́ọ̀nù kalẹ̀, mo rò ó látòkè délẹ̀, mi ò bo ìyá mi. Mo rò pé yóò pariwo kí gbogbo ọjà gbọ́, tàbí kó gbé ìyá mi ṣépè. Mo ti múra sílẹ̀ fún gbogbo rẹ̀.

"Kì í ṣe kẹ́tù mi, àbí?" Ohùn rẹ̀ kéré. "Mo gbé e kalẹ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo wọlé lọ gbé ọmọ tí mo fẹ́ wẹ̀. Mo gbọ́ igbe ẹ. Nígbà tí mo jáde, ó ti dojú dé. Mo búra pé ọwọ́ mi ò sí níbẹ̀, ó sì dá mi lójú. Ìgbà tí ọmọ mi kú ni mo sọ fún ara mi pé bí mo ṣe gbé e síbi tọ́wọ́ ọmọdé tó o, Ọlọ́run kà á sí ọwọ́ mi. Kùránì ò lè purọ́. Láti ìgbà náà, gbogbo Atìní, gbogbo Àlàmísì, ààwẹ̀ ni mò ń gbà nítorí ẹ̀yìn ẹ."

Mo ní, "Àǹtí, ẹ ò jẹ̀bi nǹkan kan. Òtítọ́ lẹ búra."

Ó ti áyọ́ọ̀nù náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Tó bá jẹ́ òtítọ́ ni mo búra, kí ló wá pa ọmọ mi?"

Ó tún bi mí.