Kọ̀ǹpútà Tí Àbúrò Mi Fi Sílẹ̀

Nígbà tí wọ́n ń fẹ ọ̀nà márosẹ̀ Lẹ́kí lójú ni àbúrò mi lọ sí Kánádà. Àwa méjì péré ni ìyá wa bí, yàrá kan náà la sì jọ ń sùn nínú fúláàtì wa ní Jakande, ní Ilasan, títí irùngbọ̀n fi hù lágbọ̀n àwa méjèèjì. Kọ̀ǹpútà rẹ̀ wà lórí tábìlì tó wà láàárín bẹ́ẹ̀dì wa, àpótí dúdú kan tó wúwo. Owó iṣẹ́ rẹ̀ àkọ́kọ́ ló fi rà á. Bí iná bá ti dé, a ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe géèmù ìdíje ọkọ̀ lórí rẹ̀. Kíbọ́ọ̀dù kan náà la ń lò: òun á máa tẹ lẹ́tà lápá òsì, èmi á máa tẹ àwọn ọfà tó wà lápá ọ̀tún, èjìká wa á máa kọ lu ara wọn. Bí mo bá fẹ́ yí kọ́nà, gbogbo ara ni mo fi ń yí i, òun á sì máa fi mí ṣẹ̀sín.

"Ẹ̀gbọ́n, orí àga lẹ wà o. Ẹ ò sí nínú ọkọ̀."

Lọ́jọ́ tó ń lọ, ó ní kí n mú kọ̀ǹpútà náà. Ó ní bí òun bá ti ríbi dúró sí níbẹ̀, a ó máa bá ara wa sáré lórí íńtánẹ́ẹ̀tì.

Kò pẹ́ sí ìgbà náà ni ìyá wa padà sí Ìjẹ̀bú, wọ́n lọ ń gbé lọ́dọ̀ àbúrò wọn. Fúláàtì náà wá tóbi jù fún ẹnì kan. Mo kó lọ sí Abraham Adésànyà Estate ní Ajah, sínú yàrá kan lẹ́yìn ilé ìyá àgbà kan tí gbogbo ọmọ wọn ti lọ sókè òkun. Itan mi ni mo gbé kọ̀ǹpútà náà lé nínú kẹ̀kẹ́ Màrúwá, mo fi aṣọ ìbora wé e kó má baà gbọ̀n jù.

Oniru ni ọ́fíìsì tí mo ti ń ya àwòrán ilé wà. Ilẹ̀ kì í tíì mọ́ dáadáa tí mo ti ń jáde, ilẹ̀ á sì ti ṣú kí n tó wọlé. Láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì, ọ̀rọ̀ tó ń jáde lẹ́nu mi kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ ju ẹ káàárọ̀, ẹ kú iṣẹ́, àti "ó wà o" tí mo fi ń sọ fún awakọ̀ pé mo fẹ́ sọ̀ kalẹ̀.

Ọ̀sán Sátidé nìkan ni mo ní. Òwúrọ̀ ni lọ́dọ̀ àbúrò mi nígbà náà, á sì jókòó kí a lè jọ sáré. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà náà ti darúgbó. Bí eré bá ti ń gbóná, ọkọ̀ mi á dúró gbagidi, kó tó tún gbéra, mo ti wà nínú igbó. Bí mo bá sì ṣí ohun tí a fi ń gbọ́ ohùn ara wa, gbogbo rẹ̀ á kú pátápátá. Nítorí náà, láìsọ̀rọ̀ la fi ń sáré. Bí a bá parí, á kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù mi pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbìyànjú." Nígbà tó yá, ohun tó kọ yàtọ̀: "Ẹ ra òmíràn, Ẹ̀gbọ́n. Ó ti ń sú mi láti máa dúró dè yín lójú ọ̀nà."

Mo mọ̀ pé ọ̀nà inú eré ló ń sọ, síbẹ̀ ó dùn mí.

Mi ò fẹ́ ra òmíràn. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ obìnrin kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe nísàlẹ̀ ilé tí à ń gbé tẹ́lẹ̀ ní Jakande. Ó tú ẹ̀gbẹ́ àpótí náà. Eruku tó wà lára fáànù kékeré inú rẹ̀ nípọn bí òwú.

"Bùọ̀dá, kò bàjẹ́," ó ní. "Ó ti rẹ̀ ẹ́ ni. Mẹ́mọ́rì rẹ̀ kéré, ibi tó ń kó nǹkan pamọ́ sí náà ti ń falẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n pààrọ̀ méjèèjì, kí n sì fi káàdì tó ń gbé àwòrán eré jáde, èyí tó lágbára díẹ̀, sí i. Àpótí yìí náà lẹ ó gbé lọ sílé."

"Ohun tí mo fẹ́ gan-an nìyẹn."

Ó ní íńtánẹ́ẹ̀tì orí fóònù tí mo ń lò kò lè gbé irú eré bẹ́ẹ̀, kí n wá èyí tó ń gba inú wáyà.

Mo lọ bá ìyá tó ni ilé. Àwọn ọmọ wọn ti fi íńtánẹ́ẹ̀tì sí pálọ̀ wọn kí wọ́n lè máa rí ojú ìyá wọn.

"Mà, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ fa wáyà kan láti ọ̀dọ̀ yín wá sí yàrá mi. Mo fẹ́ máa bá àbúrò mi ṣeré ni. Kánádà ló wà."

"Fà á," wọ́n ní. "Ọjọ́ Àìkú nìkan lèmi ń lò ó. Nígbà míì, wọn kì í tiẹ̀ pè."

Nígbà tó di Sátidé, kọ̀ǹpútà náà ti jí kí n tó fìdí kalẹ̀ lórí àga. Ọkọ̀ mi ń lọ geere. Mo ṣí ohùn, kò sì sí ohun tó kú.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ̀yin lẹ wà lẹ́yìn mi yẹn?" àbúrò mi ní. Ohùn rẹ̀ mọ́ bí ẹni pé ó wà níyàrá kejì.

Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ilé rẹ̀. Omi ń ṣàn láti ẹnu ẹ̀rọ, àwo ń kan àwo, ẹsẹ̀ ọmọdé ń sáré lórí pákó. Mo ti rí àwòrán ìyàwó rẹ̀ àti ọmọbìnrin rẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò gbọ́ bí ilé wọn ṣe ń dún rí. Ọmọ náà bi í ní èdè Òyìnbó pé ta ló ń sọ̀rọ̀ yẹn.

"Ẹnì kan tí a jọ ń ṣeré ni," bàbá rẹ̀ dá a lóhùn, ní èdè Òyìnbó kan náà.

Mo yí kọ́nà, mo tún yí òmíràn, èmi ni mo sì kọ́kọ́ dé òpin eré náà, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tó ti lọ. Ó kí mi kú oríire. Mo ní mo fẹ́ lọ jẹun. Mo pa á, mo jókòó síbẹ̀. Lórí ilẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa, àwọn bírìkìlà ń palẹ̀ mọ́, wọ́n ń bá ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ń gbọ́ wọn títí wọ́n fi lọ tán.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, ọkọ̀ àwa méjèèjì ti wà lójú ìlà kí n tó bi í.

"Ṣé ọmọ ẹ ò mọ̀ pé o ní ẹ̀gbọ́n ni?"

"Ẹ gbọ́ mi lọ́jọ́ yẹn?"

"Mo gbọ́ ẹ."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Ìwé mi ò tíì jáde níbí. Bí mo bá kúrò, wọn ò ní jẹ́ kí n wọlé mọ́. Bí mo bá sọ fún un pé ẹ̀gbọ́n mi ni yín, á bi mí pé ìgbà wo la máa wá kí yín. Ọmọ yẹn kì í dákẹ́ ìbéèrè. Mi ò mọ ohun tí mo máa sọ fún un."

Ohun tí mo ti ń rò láti ìgbà yìí wá ni pé èmi nìkan ni mo dá wà.

"Sọ fún un pé mi ò lọ síbì kankan," mo ní. "Ìgbà yòówù kẹ́ ẹ dé, ẹ ó bá mi nílé."

Mo gbọ́ tó pe ọmọ náà. Wọ́n sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ohùn kékeré kan sún mọ́ mi.

"Ẹ káàsán, sà?"

Bí ìbéèrè ló ṣe sọ ọ́. Mo dá a lóhùn, mo ní ṣé dáadáa ni. Ó ní dáadáa ni. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń sáré padà lórí pákó.

Kò pẹ́ tí àbúrò mi fi rí iṣẹ́ mìíràn, iṣẹ́ náà sì ń gba Sátidé lọ́wọ́ rẹ̀. Ìwé rẹ̀ ò tíì jáde. Nígbà míì, ọmọ náà nìkan ló máa ń wá. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Á wa ọkọ̀ lu ògiri, á fà á sẹ́yìn, á tún lù ú, èmi á sì dúró lẹ́bàá ọ̀nà títí á fi dé. Ní àwọn Sátidé tó kù, kò sẹ́ni tó ń wá. Mo máa ń fi ohùn sílẹ̀ ní ṣíṣí, mo ń bá àwọn àjèjì tí mi ò gbọ́ èdè wọn sáré lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Kọ̀ǹpútà náà ò yọ mí lẹ́nu mọ́.