Ohùn Kan Nínú Àwo Tuntun

Nígbà tí owó epo gba ìgboro kan, tí katakátà ń hú ilẹ̀ láti fẹ ọ̀nà Àgbádárìgì, mo jẹ́ télọ̀ obìnrin, mo ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ kékeré kan ní Òkókómáíkò. Ògiri kan ló pààlà èmi àti ọkùnrin kan tó ń ta àwo orin. Bó bá ti ṣílẹ̀kùn láàárọ̀ ni yóò gbé sípíkà ńlá síta, ariwo rẹ̀ á sì máa mi abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ mi. Eruku pupa láti ojú ọ̀nà a máa bà lé aṣọ tí mo bá gé, n ó gbọ̀n ọ́n dànù kí n tó rán an.

Lọ́dún yẹn, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló wà lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́: ọ̀gá onígìtá fẹ́ gbé àwo tuntun jáde. Àgbà ọ̀jẹ̀ ni nínú orin rọ́ọ̀kì. Kí ogun abẹ́lé tó dé, òun ni àwọn ọmọkùnrin àdúgbò wa kọ́kọ́ gbọ́ tó ń fi gìtá oníná ké bí ẹni ń fa páànù ya. Nígbà ogun, ó ń tẹ̀ lé àwọn ọmọ ogun kiri láti máa dá wọn lára yá. Ìgbà tí ìbọn wá dákẹ́, òun náà dákẹ́. Àwọn kan ní ó ti kú. Àwọn kan ní orí rẹ̀ ti dàrú, pé ńṣe ni wọ́n tì í mọ́lé. Àfi bí rédíò ṣe kéde lọ́jọ́ kan pé ó ti gba orin tuntun sílẹ̀, pé àwo náà ò ní pẹ́ dé.

Àdúgbò gbóná. Àwọn ọmọ ogun láti bárékè Ọ̀jọ́, àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ní Ìjanikin, àwọn mẹkáníìkì, gbogbo wọn ló ń rọ́ wá sọ́dọ̀ aládùúgbò mi.

“Ẹ̀gbọ́n, ṣé ó ti dé?”

“Kò tíì dé.”

“Tó bá dé, ẹ bá mi mú ọ̀kan pa mọ́ o! Ẹ má jẹ́ kí àwọn sọ́jà kó o lọ tán!”

Bí wọ́n bá kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń yà sí. Àwòrán olórin náà ti jáde nínú ìwé ìròyìn, ó wọ ṣòkòtò tí ẹnu ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ débi pé ó ń gbálẹ̀, gbogbo wọn sì fẹ́ kí n rán irú rẹ̀ fún àwọn. Mo rán an títí ẹ̀yìn fi ń ro mí. Ṣùgbọ́n inú mi kì í dùn bí wọ́n bá ń dárúkọ ọkùnrin náà, nítorí ẹ̀gbọ́n mi.

Ẹ̀gbọ́n mi yìí ni àkọ́bí Màámi. Kò sí olórin tó fẹ́ràn tó ọkùnrin yẹn. Nílé wa ní Ìba, á dúró sórí ọkọ̀ ọlọ́pọ́n àwọn apẹja tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, á máa kọrin sí àwọn igi àgbọn, á máa ju apá. Lọ́jọ́ kan ó wọṣẹ́ ológun, wọ́n sì gbé e lọ sójú ogun. Ìgbà tí ogun parí, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń wálé lọ́kọ̀ọ̀kan, òun ò wá. Ọ̀gá ológun kan wá bá wa nílé, ó ní àwọn ò rí i láàárín àwọn tó yè, àwọn ò sì rí òkú rẹ̀.

Àwọn àgbà ní ọmọ ẹni kú, ó yá ju ọmọ ẹni nù lọ. Mo rí òtítọ́ ọ̀rọ̀ yẹn lára Màámi. Bí àwọn ẹbí wa láti Ọ̀jọ́ bá wá sọ pé kí a ṣe ètò ìsìnkú, Màámi á ní, “Ẹ gbé òkú tí ẹ fẹ́ sin wá kí n rí i.” Àwọn wòlíì ìjọ aláṣọ funfun tí Màámi ń lọ ti sọ fún wọn pé ọmọ náà wà láàyè níbi tí omi yí ká. Nítorí náà, ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, wọ́n á bu oúnjẹ tirẹ̀ sínú àwo, wọ́n á fi ìdérí dé e. Èmi ni mo máa ń jẹ ẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. 

Ọ̀sán gangan ni àwo tuntun náà dé. Kí n tó gbójú sókè, èrò ti dí ojú ọ̀nà, ẹni tó ń wa katakátà pàápàá ti pa ẹ̀rọ rẹ̀, ó ti sọ̀ kalẹ̀. Aládùúgbò mi fi abẹ́rẹ́ lé àwo. Gìtá ké, àwọn èèyàn hó yèè! Wọ́n jó ojú kìíní títí wọ́n fi jó o tán, òógùn bò wọ́n, àwọn kan ń dì mọ́ ara wọn bí ẹni pé ará ilé wọn ló ti ìrìn àjò dé.

Ó wá yí i sí ojú kejì. Gìtá bẹ̀rẹ̀ jẹ́jẹ́. Lábẹ́ gìtá náà ni nǹkan kan ń hó ṣìì-ṣìì, bí ìgbà tí òjò ń rọ̀ lókèèrè. Lẹ́yìn náà, ọkùnrin kan wúkọ́ díẹ̀, ó ní, “Ẹ bu omi fún mi ná.” Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi imú kọrin kan tí kò ní ọ̀rọ̀ nínú.

Ọwọ́ mi dúró lórí ẹ̀rọ ìránṣọ. Ohùn ẹ̀gbọ́n mi ni. Mo lè sọ pé etí mi ló tàn mí jẹ, ká ní kì í ṣe ti orin yẹn. Màámi ló ni ín. Wọ́n máa ń fi imú kọ ọ́ bí wọ́n bá ń rin àgbọn tí wọ́n fẹ́ fi ṣe àdí, orí wọn ni wọ́n ti gbé e jáde, kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n lẹ́yìn àwa ọmọ wọn. Òun ló ń jáde láti inú sípíkà yẹn, lójú títì, tí àwọn tí mi ò mọ̀ rí ń di ojú gbọ́ ọ.

Mo ti ṣọ́ọ̀bù, mo gba Ìba lọ. Mo ń ro bí mo ṣe máa sọ ọ́ fún Màámi lójú ọ̀nà, ṣùgbọ́n Màámi ti gbọ́ ọ ṣáájú mi. Wọ́n gbé àdí lọ tà ní Ajáńgbádì láàárọ̀ ọjọ́ náà, ẹnì kan sì ti ń lu àwo náà nínú ọjà. Mo bá wọn níwájú ilé, wọ́n ti ṣí gèlè, ẹsẹ̀ wọn nà gbọọrọ sórí iyanrìn, àdí tí wọn ò tà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

“Mo gbọ́ ohùn ọmọ mi lọ́jà,” wọ́n ní. “Wọ́n ń jó sí i.”

“Èmi náà gbọ́ ọ, Màámi.”

“Òùngbẹ ń gbẹ ẹ́.”



Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, kò sí ibi tí ọ̀rọ̀ omi yẹn ò dé. Orin ojú kejì ni àwọn èèyàn fẹ́ràn jù. Bí ọmọkùnrin méjì bá pàdé, dípò kí wọ́n kí ara wọn, ọ̀kan á wúkọ́, á ní, “Ẹ bu omi fún mi ná!” Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á na ọwọ́ sí ara wọn. Nílé ọtí, bí wọ́n ṣe ń béèrè bíà nìyẹn. Àwọn kọndọ́kítọ̀ fi í ń pe èrò. Àwọn oníbàárà mi ń sọ ọ́ bí mo ti ń wọn ìbàdí wọn, n ó sì máa wo ẹnu wọn, nítorí nígbà mìíràn ẹnì kan á sọ ọ́ dáadáa, á fa “ná” yẹn gùn bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe máa ń fà á, ara mi á sì bù máṣọ. Màámi ò lọ sọ́jà mọ́. Ṣùgbọ́n ohùn náà ń bá wọn nílé. Bí atẹ́gùn bá ti fẹ́ láti ìhà Òkókómáíkò, wọ́n á dá ọwọ́ dúró, wọ́n á tẹ́tí.

Nígbà tó yá, a gbọ́ pé ọ̀gá onígìtá ń bọ̀ wá ṣeré ní òtẹ́ẹ̀lì kan ní Òkókómáíkò. Màámi wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì wọn, wọ́n ní kí n mú àwọn lọ. Oòrùn ṣì wà lókè nígbà tí a débẹ̀, wọ́n ń to àga lọ́wọ́. Géńdé kan dá wa dúró lẹ́nu ọ̀nà.

“Ìyá, kò tíì tó àsìkò. Tíkẹ́ẹ̀tì yín ńkọ́?”

“Lọ sọ fún ọ̀gá rẹ,” Màámi ní, “pé ìyá ẹni tó ń béèrè omi ló dé.”

Géńdé náà fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó wo ojú wọn, ó pa ẹ̀rín náà mọ́ra, ó sì wọlé. Kò pẹ́ tí olórin náà fúnra rẹ̀ jáde wá, gìtá ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó ti dàgbà ju àwòrán ẹ̀yìn àwo lọ. Irun àgbọ̀n rẹ̀ ti funfun, ojú rẹ̀ sì pupa bíi ti ẹni tí kì í sùn. Ó mú wa lọ síbi àga kan lábẹ́ àtíbàbà.

“Ìyá, báwo lẹ ṣe mọ̀ pé ọmọ yín ni?”

 Màámi di ojú, wọ́n fi imú kọ orin náà. Kò tíì dé ìdajì tí ọkùnrin náà fi bọ́ gìtá kúrò lọ́rùn, tó gbé e sílẹ̀ẹ́lẹ̀, tó sì kúnlẹ̀ níwájú wọn, òun tí gbogbo ayé ń kúnlẹ̀ fún.

“Ilé ìwé kan tí àwọn ará ibẹ̀ ti sá kúrò la wà,” ó bẹ̀rẹ̀. “Mo ní ẹ̀rọ tépù kan tí mo fi ń gba orin sílẹ̀. Ọmọ ogun kan wọlé wá, ó ní òun mọ gbogbo orin mi, pé kí n jọ̀ọ́, kí n gbọ́ ọ̀kan tòun. Mo ní kó kọ ọ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n ní kí àwọn tirẹ̀ sọdá odò. A ń gbọ́ ìbọn lódìkejì títí oòrùn fi mú. Kò sí ìkankan nínú wọn tó padà sọdá, ìyá. Mo dúró létí odò yẹn, mo ń wò. Kò sí ìkankan.”

Màámi rọra mi orí.

“Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti gbé gìtá, orin rẹ̀ ni ọwọ́ mi ń wá. Mi ò lè kọ òmíràn. Mo wá rò ó pé bóyá bí mo bá gbé e jáde, á fi mí sílẹ̀.”

“Ṣé ó ti fi yín sílẹ̀?” mo bi í.

“Rárá.”

Màámi tẹ̀ síwájú lórí àga. “Omi tó béèrè yẹn,” wọ́n ní, “ṣé ẹ fún un?”

  Nínú òtẹ́ẹ̀lì, ẹnì kan ń fi ẹnu dán maikirofóònù wò, “wán, tú, wán, tú.”

“Mi ò rántí,” olórin náà ní. “Ìbá wù mí kí n ní mo fún un. Mo ti gbọ́ tépù yẹn títí, kí n lè gbọ́ ìró ife. Mi ò rántí, ìyá.”

“Ẹ ṣé tí ẹ ò parọ́ fún mi,” Màámi ní.  “Ọmọ mi ti kú nìyẹn.”

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ ọ lẹ́nu wọn nìyẹn. Ọkùnrin náà ní òun lè sọ fún àwọn tó ń tẹ àwo náà pé kí wọ́n má tẹ̀ ẹ́ mọ́. Màámi kọ̀. “Níbo ni kí n ti wá máa gbọ́ ohùn rẹ̀?” wọ́n ní.

A ò dúró wo eré náà. Bí a ṣe ń lọ sílé ni àwọn èèyàn ń bọ̀, nínú ṣòkòtò tí mo rán, wọ́n ń kọrin, wọ́n ń wúkọ́ ìkọ́ ẹ̀gbọ́n mi. Màámi gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, wọ́n ń dá ìkíni àwọn èèyàn náà padà.

Àwọn ẹbí wá láti Ọ̀jọ́ ní ọjọ́ Sátidé kan. Nítorí pé kò sí òkú, aṣọ ẹ̀gbọ́n mi la fẹ́ sin. Wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́yìn ilé, àwa obìnrin jókòó sórí ẹní. Bí wọ́n ṣe fẹ́ gbé aṣọ náà sínú ilẹ̀ ni a gbọ́ ariwo láti ojú ọ̀nà. Ọ̀gá onígìtá, tí Màámi ránṣẹ́ pè, ló ń bọ̀. Òun nìkan ló wá láti ìlú, ó wọ bùbá funfun lásán, kò mú gìtá dání, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀dọ́ ti dá a mọ̀ ní oríta, wọ́n ti di àgbájọ lẹ́yìn rẹ̀, ìdùnnú ń pa wọ́n bí ọtí. Wọ́n ń kígbe, “Ẹ bu omi fún mi ná! Ẹ bu omi fún mi ná!” títí wọ́n fi yí dé ẹ̀yìn ilé.

Àwọn tó wà níwájú rí ilẹ̀ tí a gbẹ́, wọ́n rí wa lórí ẹní. Ohùn wọn kú. Àwọn tó wà lẹ́yìn ò tíì rí nǹkan kan, wọ́n ṣì ń kígbe, ṣùgbọ́n igbe náà ń já lẹ́nu wọn lọ́kọ̀ọ̀kan bí wọ́n ti ń yọ. Ẹnì kan ṣoṣo ló kù tó tún sọ ọ́, tó sọ ọ́ sókè láàárín ìdákẹ́jẹ́, kó tó fi ọwọ́ bo ẹnu.

Sọ́jà kan láti bárékè bọ́ fìlà rẹ̀. “Ta ló kú, ìyá?” ó béèrè.

Olórin náà ló dáhùn. “Òun ni,” ó ní. “Ẹni tó ń béèrè omi yẹn.”

Ọmọkùnrin tó fọwọ́ bo ẹnu bú sẹ́kún. Màámi dìde, wọ́n ní kí gbogbo wọn jókòó. Wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, nínú iyanrìn, títí dé ìdí àwọn igi àgbọn. Mi ò rí irú èrò bẹ́ẹ̀ níbi ìsìnkú mìíràn ní Ìba rí. Nígbà tó tó àsìkò láti da erùpẹ̀ sí i, àwọn ọ̀dọ́ yẹn ló gba ṣọ́bìrì.

Ìyẹn ò pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́ nílùú. Àwọn tí kò wá síbẹ̀ ò mọ̀, wọ́n ń sọ ọ́ lọ fún oṣù púpọ̀ títí àwo mìíràn fi dé, tí ọ̀rọ̀ mìíràn sì gba ẹnu wọn. Màámi padà sọ́jà. Bí wọ́n bá ń ná ọjà lọ́wọ́ tí rédíò ẹnì kan bá gbé orin náà, wọ́n á dúró títí yóò fi tán, wọ́n á wá béèrè iye tí ọlọ́jà ń pè é.

Èmi ò lè dúró. Títí di òní, bí mo bá gbọ́ ìkọ́ yẹn láti ilé ẹlòmíràn, ńṣe ni mo máa ń yára kọjá, kí n má bàa gbọ́ ohun tó kàn.